Ibo Ni Afẹ́fẹ́ Gbà Wọ Bíréèkì?

Píkọ́ọ̀pù tó ń kó iṣu àti ẹ̀gẹ́ láti àwọn oko tó yí Màlété ká wọ Ìlọrin kì í sábà jẹ́ ọkọ̀ tuntun. Nígbà kan, Pijó 504 ló gba ojú ọ̀nà. Iléeṣẹ́ Pijó tó wà ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní 1975, 504 onípíkọ́ọ̀pù sì jáde ní 1979. Hilux àti Datsun àtijọ́ ti dara pọ̀ mọ́ wọn báyìí, àwọn mìíràn sì wà tí ẹni tó ni wọ́n pàápàá kò lè sọ ọdún tí wọ́n ṣe wọ́n. Láti 2009 tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ti bẹ̀rẹ̀ ní Màlété, akẹ́kọ̀ọ́, ọlọ́kadà àti oníbọ́ọ̀sì ló ń pín títì kan náà pẹ̀lú píkọ́ọ̀pù tó ru iṣu dé òrùlé. Bí bíréèkì ọ̀kan nínú àwọn àgbà ọkọ̀ yìí kò bá mú, kì í ṣe iṣu nìkan ló wà nínú ewu.

Bí bíréèkì bá ti ń ṣe ségesège, ohun tí awakọ̀ máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ọ̀gá, ẹ bá mi bíléèdì ẹ̀." Ọ̀gá á ní kí ọmọ iṣẹ́ kan gun ọkọ̀, ọmọ á máa tẹ pẹ́dà, wọn á yọ afẹ́fẹ́, pẹ́dà á gbé sókè, owó á bọ́ sápò. Kò ní pẹ́ kí ọkọ̀ náà tó padà dé. Bíléèdì fúnra rẹ̀ kò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kì í ṣàdédé bọ́ sínú páìpù tó dí pinpin. Bó bá wọlé, ó gba ibì kan wọlé, ibẹ̀ gan-an sì ni àìsàn wà. Ìgbà mìíràn tiẹ̀ wà tí kò sí afẹ́fẹ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ náà: láínì ẹ̀yìn ló ti jẹ, tàbí rọ́bà másítà ló ti gbó, gbogbo bíléèdì tí wọ́n sì ń ṣe, ọ́ìlì ni wọ́n ń fi ṣòfò.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ bá kan pẹ́dà. Pẹ́dà á ti irin kan nínú másítà, ìyẹn irin oníhò gígùn tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí ike ọ́ìlì wà lórí rẹ̀. Irin yẹn á ti ọ́ìlì, ọ́ìlì á sì gba páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sí ìdí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Níwájú, nínú kálípà, yóò fi pádì méjì fún dísìkì láàárín. Lẹ́yìn, yóò ti láínì méjì síta kí wọ́n lè di dúrọ́ọ̀mù mú láti inú. Blaise Pascal, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún pé bí èèyàn bá ti omi tó wà nínú ohun tó dí pinpin, agbára náà yóò dé gbogbo ibi tí omi náà dé, láìdínkù. Malcolm Loughead, ará Amẹ́ríkà, gba ẹ̀tọ́ lórí bíréèkì ọ́ìlì ní 1917, ọkọ̀ Duesenberg sì fi í sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní 1921. Láti ìgbà náà, ìlànà rẹ̀ kò tíì yí padà.

Ìṣirò rẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí. Ká sọ pé ẹsẹ̀ awakọ̀ fi agbára 20 kílò tẹ pẹ́dà. Nítorí bí pẹ́dà ṣe gùn, 20 yẹn á di 80 kó tó dé másítà. Bí ojú irin inú másítà bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 3, ọ́ìlì á máa ti ara rẹ̀ pẹ̀lú bíi kílò 27 lórí sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan. Kálípà iwájú tí ojú irin tirẹ̀ fẹ̀ tó 20 á wá gba agbára tó lé ní 500 kílò. Ẹsẹ̀ lásán ló dá ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ dúró.

Gbogbo èyí dúró lórí ohun kan ṣoṣo: ọ́ìlì kò ṣeé fún kó kéré. Afẹ́fẹ́ ṣeé fún. Bí afẹ́fẹ́ tó tó mílílítà 3 bá wà nínú páìpù, tí kò tilẹ̀ kún ṣíbí ìmutíì kan, irin inú másítà yìí gbọ́dọ̀ rin sẹ̀ǹtímítà 1 kó tó fún un pọ̀ tán. Sẹ̀ǹtímítà 1 níbẹ̀ jẹ́ 4 lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ fi ojú wọn 4 yẹn nílẹ̀ ọkọ̀ yín, kẹ́ ẹ wo ohun tó ṣẹ́ kù kí pẹ́dà tó gúnlẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó mú sípánà, kó kọ́kọ́ jókòó sí àyè awakọ̀, kó sì fi ẹsẹ̀ bi pẹ́dà léèrè. Bí pẹ́dà bá rọ̀ bíi fóòmù, tó ń ti ẹsẹ̀ padà, afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ gan-an nígbà àkọ́kọ́, tó wá gbé sókè tó sì le nígbà kejì, láínì ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí: ó ti jẹ, ó ti jìnnà sí dúrọ́ọ̀mù, ọ̀nà tó máa rìn kó tó kàn án sì ni títẹ̀ àkọ́kọ́ ń tán sí. Ẹ fa háńdì bíréèkì sókè dáadáa, kẹ́ ẹ tún pẹ́dà tẹ̀. Bí pẹ́dà bá ti gbé sókè báyìí, láínì ló ń fẹ́ kí wọ́n sún òun mọ́ dúrọ́ọ̀mù. Ẹ sún un títí ẹ ó fi máa gbọ́ tó ń ha dúrọ́ọ̀mù fẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ ẹ bá fi ọwọ́ yí táyà, kẹ́ ẹ sì dá a padà díẹ̀. Àìsàn tí wọ́n ń fi bíléèdì wò jù lọ nìyí, bẹ́ẹ̀ bíléèdì kò kàn án.

Èyí tó le nígbà tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, àmọ́ tó ń rì díẹ̀díẹ̀ bí ẹsẹ̀ ṣe wà lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ́ìlì tó ń sá lọ ni. Bí ìdí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá gbẹ, tí ọ́ìlì inú ike kò sì dínkù, a jẹ́ pé inú másítà ló ti ń sá. Rọ́bà rẹ̀ kò dí mọ́, ọ́ìlì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ padà sẹ́yìn. Ẹ bíléèdì rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, bó ṣe wà ló máa wà.

Pẹ́dà tó le bí òkúta tí ọkọ̀ kò sì dúró ní tirẹ̀, ibòmíràn ni ẹ ó wá a sí. Háídírófáàkì, ìyẹn agolo ńlá dúdú tó wà lẹ́yìn másítà, ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ pẹ́dà lẹ́ẹ̀marùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí agbára inú rẹ̀ tán, ẹ fi ẹsẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ wá tan ẹ́ńjìnnì. Pẹ́dà gbọ́dọ̀ rì díẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe dáhùn. Bí kò bá mira, ó lè jẹ́ họ́ọ̀sì tó ti ara ẹ́ńjìnnì wá ló ti sán, tàbí kí háídírófáàkì fúnra rẹ̀ ti kú.

Ọkọ̀ tó ń fà sápá kan ní tirẹ̀, kálípà tó ti dípẹtà ló sábà máa ń fà á, tàbí láínì tí ọ́ìlì ti bà jẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tó máa ń da àwọn ọmọ iṣẹ́ láàmú. Bíréèkì á di táyà kan mú, kò ní tú u sílẹ̀, ibẹ̀ yóò gbóná débi tí ẹ ò ní lè fọwọ́ kàn án. Wọn á tú kálípà, wọn á fọ̀ ọ́, wọn á dá a padà, bákan náà ni. Ẹ tú nípù ìdí táyà náà díẹ̀, ìyẹn bóòtù kékeré tí wọ́n ń tú láti yọ afẹ́fẹ́. Bí ọ́ìlì bá tú jáde tí táyà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí, agbára ló há sínú ibẹ̀, tí kò rí ọ̀nà padà. Họ́ọ̀sì rọ́bà tó so páìpù mọ́ kálípà ni ẹ ó fura sí. Láti ìta, ó lè máa dán, kó jẹ́ pé inú rẹ̀ ti wú, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí. Ẹsẹ̀ lágbára tó láti ti ọ́ìlì kọjá níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó máa tì í padà.

Bó bá wá dá yín lójú pé afẹ́fẹ́ ni, ẹ wá ibi tó gbà wọlé. Eruku ọ̀nà oko máa ń ràn yín lọ́wọ́ níbí, nítorí ibi tó bá tutù ni erùpẹ̀ ń lẹ̀ mọ́. Ẹ wo páìpù láti másítà dé ẹ̀yìn, pàápàá ibi tó gba orí irin ìdí ọkọ̀ kọjá. Ẹ tú dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ sì gbé etí rọ́bà tó bo ẹnu sìlíńdà kékeré tó ń ti láínì. Bí ibẹ̀ bá rin, sìlíńdà náà ti ń jò. Ẹ fọwọ́ kan ọ́ìlì tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀ o, kẹ́ ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Ọ́ìlì bíréèkì ṣàn, kò ki. Bó bá ki, tó dúdú, tó sì ń rùn gan-an, gíà ọ́ìlì ni, síìlì ìdí táyà ló já, ti bíréèkì kọ́. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, láínì tó ti mu ọ́ìlì kò ní wúlò mọ́. Àwọn kan ń fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, wọ́n ń sá a sóòrùn, wọ́n sì ń dá a padà. Bó bá gbóná, ọ́ìlì inú rẹ̀ á tún sun jáde.

Ẹ tún yẹ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù wò, níbi tí irin pẹ́dà ti wọ ara ọkọ̀. Bí ibẹ̀ bá rin, tàbí tí ọ̀dà bá ti ń ṣí lára háídírófáàkì nísàlẹ̀ másítà, rọ́bà ẹ̀yìn másítà ló ń jò, nítorí ọ́ìlì bíréèkì máa ń jẹ ọ̀dà ọkọ̀. Ohun kan tún wà tí mi ò lè fò dá: ẹ má fi ẹnu tàbí ẹ̀rọ fẹ́ eruku inú dúrọ́ọ̀mù. Láínì àtijọ́ púpọ̀ ní asbestos nínú, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Omi ọṣẹ ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì fúnra rẹ̀ fẹ́ ìdúró díẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà ni DOT 3 àti DOT 4. Nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i, DOT 3 kò gbọ́dọ̀ hó kí ooru rẹ̀ tó dé 205 lórí òṣùwọ̀n Celsius, DOT 4 kò sì gbọ́dọ̀ hó kó tó dé 230. Àmọ́ àwọn méjèèjì ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Bí omi inú wọn bá ti tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, DOT 3 lè hó ní 140, DOT 4 ní 155. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ike tí wọ́n ti ṣí láti ọdún tó kọjá, tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo àsìkò òjò, kò fi yẹ ní lílò mọ́, bó ti wù kó mọ́ lójú tó.

Ohun tí híhó yẹn ń ṣe ni pé ó ń sọ omi inú ọ́ìlì di ooru, ooru sì ṣeé fún pọ̀ gẹ́gẹ́ bí afẹ́fẹ́. Awakọ̀ tó gbé ẹrù Màlété dé Ìlọrin láìsí wàhálà lè gbé irú rẹ̀ gba òkè Èfọ̀n Alààyè ní Èkìtì, kó máa tẹ bíréèkì sọ̀ kalẹ̀, kí pẹ́dà sì gúnlẹ̀ lójijì. Bó bá rí ọkọ̀ dá dúró, tó sinmi, tí ìdí táyà tutù, pẹ́dà á padà sípò. Á ní ó ti gbádùn. Kò gbádùn rárá, ọ́ìlì ló kàn tutù. Kó pààrọ̀ gbogbo ọ́ìlì inú rẹ̀, kì í ṣe kó bu díẹ̀ kún un.

Àwọn kan a máa da omi ọṣẹ sínú ike bí ọ́ìlì bá tán lọ́nà. Omi ń hó ní 100, ó sì ń mú kí irin inú másítà dípẹtà. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tàbí ọ́ìlì sítíárì, nítorí ó ń mú kí gbogbo rọ́bà inú bíréèkì wú. Bó bá ti wọ inú rẹ̀ tó sì rin dé ìdí táyà, másítà, kálípà, sìlíńdà àti họ́ọ̀sì, gbogbo rọ́bà ibẹ̀ ló di pípààrọ̀. DOT 5 ní tirẹ̀ jẹ́ sílíkónì, kì í bá DOT 3 tàbí 4 lò pọ̀.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ti tún ibi tó ń jò ṣe, ìgbà náà ni bíléèdì kàn. Ẹ wá ike ọ́ìlì tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí, họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fojú hàn, irú èyí tí wọ́n fi ń gba dírípù, àti ìgò ike tẹ́ ẹ bu ọ́ìlì díẹ̀ sí nísàlẹ̀. Sípánà olórí-òrùka ni kẹ́ ẹ lò fún nípù, nítorí olórí-ṣíṣí ló máa ń gé ojú rẹ̀ jẹ. Nípù tó ti dípẹtà kò fẹ́ agídí. Ẹ fi ọ́ìlì tó ń tú ìpẹtà sí i, ẹ fi òòlù kékeré kàn án jẹ́jẹ́, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Bó bá fi lè kán sínú, ẹ ó pààrọ̀ sìlíńdà.

Ìdí táyà tó jìnnà sí másítà jù lọ ni wọ́n sábà ń kọ́kọ́ ṣe. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972 tí Nàìjíríà ti ń wakọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún ni sítíárì ti wà lápá òsì, másítà sì wà níwájú rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀tún ẹ̀yìn ló ń ṣáájú, kó tó kan òsì ẹ̀yìn, ọ̀tún iwájú, kó wá kan òsì iwájú. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n yí sítíárì rẹ̀ padà láti apá ọ̀tún ni, ibi tí másítà wà gan-an ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìwọ̀n, ẹ má wo ibi tí awakọ̀ jókòó sí.

Ẹ fi họ́ọ̀sì bọ nípù, kẹ́ ẹ ri ẹnu rẹ̀ kejì sínú ọ́ìlì inú ìgò. Ọ̀gá á ní, "Tẹ̀ ẹ́." Ọmọ iṣẹ́ á tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, á dáhùn pé, "Mo ti tẹ̀ ẹ́, sà." "Má gbẹ́sẹ̀ o!" Ọ̀gá á wá tú nípù díẹ̀, ọ́ìlì á jáde pẹ̀lú ìfófòó, pẹ́dà á máa rì. Ó gbọ́dọ̀ ti dí nípù padà kó tó sọ pé, "Gbẹ́sẹ̀." Bí ọmọ bá yára gbẹ́sẹ̀ nígbà tí nípù ṣì wà ní ṣíṣí, ohun tó jáde á tún wọlé padà. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ariwo rédíò inú ṣọ́ọ̀bù fi yẹ kó dákẹ́ níwọ̀nba àkókò yìí. Wọn á máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí ìfófòó á fi tán, tí ọ́ìlì tó ń jáde á sì mọ́ bíi tuntun. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa wo ike orí másítà, nítorí bó bá gbẹ lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo iṣẹ́ di àtúnbẹ̀rẹ̀.

Ohun kan tí àwọn ọ̀dọ́ mẹkáníìkì kì í fẹ́ gbọ́ ni pé kò yẹ kí wọ́n máa tẹ pẹ́dà àgbà ọkọ̀ gúnlẹ̀. Láti ọjọ́ pípẹ́, rọ́bà inú másítà kò rìn kọjá ààlà kan. Ohun tó wà níwájú ààlà yẹn jẹ́ ìpẹtà àti ìdọ̀tí. Bẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ gúnlẹ̀, rọ́bà á lọ ha ara rẹ̀ síbẹ̀, másítà tó ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rì lọ́sàn-án. Ẹ fi ègé pákó sábẹ́ pẹ́dà.

Nǹkan tó ya píkọ́ọ̀pù sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀ kékeré ni fáàfù ẹrù. Píkọ́ọ̀pù òfìfo fúyẹ́ lẹ́yìn. Bí ọ́ìlì bá fi gbogbo agbára rẹ̀ lọ síbẹ̀, táyà ẹ̀yìn á há, ọkọ̀ á sì fì. Nítorí náà, lábẹ́ ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù, 504 àti Hilux nínú wọn, fáàfù kan wà tí ọ̀pá tàbí sípíríńgì so mọ́ irin ìdí táyà ẹ̀yìn. Bí ẹrù bá tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ọ̀pá náà á sún, fáàfù á sì jẹ́ kí agbára púpọ̀ sí i lọ sẹ́yìn. Ó mọ ẹrù nípa bí ọkọ̀ ṣe lọ sílẹ̀ tó.

Àwọn tó ń kó iṣu máa ń fi ewé irin kún sípíríńgì ẹ̀yìn kí ọkọ̀ má baà jókòó sílẹ̀. Ó gbé ẹrù dáadáa lóòótọ́. Ṣùgbọ́n fáàfù kò mọ̀ pé ẹnì kan ti fi irin kún un. Ó rí i pé ẹ̀yìn ọkọ̀ ga, ó gbà pé òfìfo ni, ó sì ń dín agbára bíréèkì ẹ̀yìn kù nígbà tí iṣu ti kún un dẹ́nu. Bíréèkì iwájú nìkan ló ń dá gbogbo ẹrù náà dúró, pádì iwájú ń jẹ kíákíá, dísìkì ń jóná, wọ́n sì ń bíléèdì láti oṣù dé oṣù. Ẹni tó bá fi ewé kún sípíríńgì gbọ́dọ̀ tún ọ̀pá fáàfù yẹn wọ̀n.

Fáàfù yìí náà ló fà á tí kò fi yẹ kẹ́ ẹ bíléèdì ẹ̀yìn nígbà tí táyà bá ń fì sísàlẹ̀ lórí jáàkì. Ọkọ̀ ti ga, fáàfù á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ̀nà dé, afẹ́fẹ́ á sì há síbẹ̀. Ìdúró irin tó dájú ni kẹ́ ẹ fi gbé irin ìdí táyà fúnra rẹ̀, kí ìwúwo ọkọ̀ wà lórí sípíríńgì. Kì í ṣe búlọ́ọ̀kù o, búlọ́ọ̀kù máa ń fọ́ láìdágbére. Lára àwọn Hilux kan, fáàfù yìí ní nípù tirẹ̀, ó sì yẹ kẹ́ ẹ bíléèdì òun náà.

Bẹ́ ẹ bá ti parí, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ fi ẹsẹ̀ lé pẹ́dà kẹ́ ẹ sì dì í mú fún ìṣẹ́jú kan. Kó má rì. Kí ẹnì kan fi iná tan ìdí gbogbo nípù àti gbogbo ibi tẹ́ ẹ tú. Ìdánwò àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wáyé lórí ilẹ̀ títẹ́jú tí kò sí èèyàn, pẹ̀lú ìrìn ẹsẹ̀, kí ọkọ̀ tó kan títì Ìlọrin.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi bírò fa ìlà sára ike másítà níbi tí ọ́ìlì dúró sí. Bí pádì ṣe ń jẹ ni ọ́ìlì á máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan, ìyẹn kò burú. Bó bá ti kúrò lórí ìlà náà kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ẹ má kàn bu òmíràn kún un kẹ́ ẹ máa lọ so ẹrù. Ibì kan ṣì ń jò.